Bí A Ṣe Ń Wọn Òkùnkùn Ojú Ọ̀run Lóru, Láti Ìjẹ̀bú-Òde Dé Etí Òkun

Iṣẹ́ yìí kò le. Ohun tó le níbẹ̀ ni kí nọ́ńbà tí a gbà lálẹ́ òní ṣeé fi wé èyí tí ẹlòmíràn máa gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó dúró sí Ìwópin tó kọ "21.3" sínú ìwé, tí kò kọ bóyá iná NEPA wà lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ìkùukùu wà, bóyá òṣùpá ti wọ̀, kò tíì wọn nǹkan kan. Ní agbègbè tiwa, tí iná ń lọ tó tún ń bọ̀, àkọsílẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside: Ìbíàdé, Abígí tí í ṣe olú ìlú rẹ̀, Ìwópin tó wà létí ọ̀sà, àti àwọn abúlé apẹja tó kọjú sí òkun níhà Òde-Omi. Láàárín alẹ́ kan, ènìyàn lè kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ ìlú ńlá bọ́ sínú òkùnkùn tó sún mọ́ ti àtijọ́. Àwọn ibi tó fúnni ní irú àǹfààní yìí kò pọ̀.

Ẹ̀rọ tí ẹ máa lò

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Sky Quality Meter, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SQM. Ilé iṣẹ́ Unihedron ní Kánádà ló ń ṣe é. Ọwọ́ kan gbà á, bátìrì 9V kan ló sì ń lò. Oríṣi méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ yàtọ̀. SQM lásán kò ní lẹ́ǹsì, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ibi tó gbòòrò lójú ọ̀run, nǹkan bíi díígírì 42 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ibi tí ẹ kọjú rẹ̀ sí. SQM-L ní lẹ́ǹsì, kò sì wò ju nǹkan bíi díígírì 10 lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. SQM-L la fara mọ́ fún Waterside. Igi àgbọn àti ọ̀pẹ pọ̀ níbẹ̀, oríṣi àkọ́kọ́ á sì máa ka ewé mọ́ ojú ọ̀run.

Oríṣi yòówù tí ẹ bá lò, ẹ má da nọ́ńbà àwọn méjèèjì pọ̀ sínú àtẹ kan. SQM lásán ń rí apá ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìlú ti ń pọ̀ jù, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ máa ń kéré sí ti SQM-L ní ojú ibi kan náà.

Ẹ mú àwọn nǹkan mìíràn dání: tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi nylon pupa méjì tàbí mẹ́ta dì lójú, ìwé àti pẹ́ńsùlù (bírò máa ń kọ̀ láti kọ lórí ìwé tí ìrì ti pa), fóònù fún GPS, aṣọ rírọ̀ gbígbẹ fún lẹ́ǹsì, àti bátìrì mìíràn.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ

Ìwọ̀n rẹ̀ ni mag/arcsec², bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń kọ ọ́: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní apá kékeré kan lójú ọ̀run. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i, òkùnkùn ló ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ èyí kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ka àtẹ sódì. Àárín ìlú ńlá tó mọ́lẹ̀ rekete máa ń wà láàárín 16 sí 18. Ní nǹkan bíi 20 sí 20.5, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun tó gba ojú ọ̀run kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Láti 21.5 lọ sókè, òkùnkùn gidi nìyẹn, 22.0 sì ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ àfọwọ́ṣe kò sí rárá.

Nọ́ńbà 1 tó yàtọ̀ síra jẹ́ ìlọ́po 2.5 ìmọ́lẹ̀, nọ́ńbà 5 sì jẹ́ ìlọ́po 100. Bí ìlú kan bá jẹ́ 18.4 tí abúlé kan jẹ́ 21.4, ojú ọ̀run ìlú yẹn fi nǹkan bí ìlọ́po 16 mọ́lẹ̀ ju ti abúlé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yí i sí cd/m², ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò, lè lo ìṣirò yìí: 108,000 × 10^(−0.4 × nọ́ńbà). 22.0 á fún un ní nǹkan bíi 0.00017, 21.0 á sì fún un ní 0.00043. Ìyẹn ni pé ní ibi tó bá jẹ́ 21.0, ìmọ́lẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn fi kún un ti ju ti àdáyébá fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi 22.0 ṣe ìdájọ́. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún sì máa ń pọ̀ sí i ní àwọn ọdún tí oòrùn bá ń gbóná janjan, nǹkan bí ọdún 11 síra. Oòrùn wọ irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní 2024. Abúlé tó wà nínú òkùnkùn biribiri lè fún yín ní 21.6 ní irú ọdún yẹn, kó má sì sí gílóòbù kankan tó jẹ̀bi.

Yíyan alẹ́

Kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ni irinṣẹ́ tó rọrùn jù fún èyí, torí pé òṣùpá ló ń tọ̀. Láti ọjọ́ 23 oṣù títí di ọjọ́ 1 oṣù tó tẹ̀ lé e, kò ní sí òṣùpá lójú ọ̀run láàárín aago 8:30 sí 11:30 alẹ́. Ní ọjọ́ 2 sí 4, ẹ dúró kó wọ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sinmi sílé. Àwọn kan ti rò pé alẹ́ Ojúde Ọba ni ó yẹ kí á wọn ìmọ́lẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí gbogbo ìlú ń tàn. Àmọ́ ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọjọ́ 12 oṣù nìyẹn, òṣùpá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Òṣùpá lẹ óò wọ̀n, kì í ṣe ìlú.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ jìnnà tó díígírì 18 sábẹ́ ilẹ̀. Níhìn-ín, ìyẹn gba nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Aago 8:30 alẹ́ dára yípo ọdún. Ẹni tó bá ń ṣe ti ìdájí, kó parí kí aago 5 tó lù.

Ní ti àsìkò, March àti April la fẹ́ràn jù. Òjò àkọ́rọ̀ ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò nínú afẹ́fẹ́, láti ìparí March, apá ojú ọ̀run tó wà lókè orí wa ní nǹkan bí aago 9 alẹ́ sì jìnnà sí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun yẹn. Láti June sí August, ibi tí ọ̀wọ́ náà ti nípọn jù máa ń gòkè lálẹ́, òun fúnra rẹ̀ á sì dín nọ́ńbà yín kù. Àsìkò òjò tún ni. Ọyẹ́ ń ṣe ohun méjì tó takora: nítòsí ìlú, eruku ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ojú ọ̀run á mọ́lẹ̀ sí i, níbi tó jìnnà sí ìlú, eruku ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀, nọ́ńbà á ga, ẹ ó sì rò pé òkùnkùn ibẹ̀ ti dára sí i. Bákan náà ni ìkùukùu. Lókè Ìjẹ̀bú-Òde ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sílẹ̀. Lókè abúlé tí kò ní iná, ó ń ṣú bo ojú ọ̀run. Nọ́ńbà 22.6 tí ẹ bá rí ní abúlé, ìkùukùu ni, ẹ má yọ̀.

Yíyan ibi, àti ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ rí

Ẹ fi ibi tí ẹ ó ti wọ̀n súnmọ́ra nítòsí ìlú, nǹkan bíi kìlómítà 2 sí 3, kí ẹ wá fi wọ́n jìnnà síra tó kìlómítà 8 sí 10 bí ẹ bá ti wọ ìgbèríko, torí pé etí ìlú ni nọ́ńbà ti ń yí padà kíákíá. Pápá ilé ìwé àti pápá bọ́ọ̀lù ló dára jù. Kí igi tàbí ilé tó ga jù jìnnà sí yín ju bí ó ṣe ga lọ. Kí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kankan má bá ẹ̀rọ ní tààrà. Fífi ọwọ́ bo gílóòbù lójú kò tó, ẹ rìn kúrò níbẹ̀. Iná sólà ojú títì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí kò bá NEPA lọ. Ẹ kọ iye rẹ̀ tó wà ní mítà 100 sí yín.

Ẹ ti ọ̀sán lọ, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ gba GPS rẹ̀ dé nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn àmì ẹ̀sún. Nígbà náà ni kí ẹ lọ kí baálẹ̀. Ẹgbẹ́ ènìyàn tó ń na ohun dúdú kan sókè lóru ní pápá kò ní dáa lójú fijilántè, èyí kò ṣòro láti yé wa. Ẹ fi ẹ̀rọ náà han bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, kí ẹ sì bèèrè bóyá orò tàbí Agẹmọ wà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wá. Alẹ́ orò kì í ṣe alẹ́ iṣẹ́, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín. Bí wọ́n bá ní ẹ sún un síwájú, ẹ sún un síwájú. Òṣùpá oṣù tó ń bọ̀ á tún tán.

Lórí ọ̀sà, orí èbúté ni kí ẹ dúró sí, ẹ má ṣe wọ̀n nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ń mì, SQM-L á sì máa wo ibi mìíràn bó ṣe ń ka. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, ẹ wọ ẹ̀wù aláìrì (life jacket), kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀.

Wíwọ̀n rẹ̀

Ẹ gbé ẹ̀rọ síta ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ inú ọkọ̀ tí AC ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ ti gbé e bọ́ sílẹ̀ ní Waterside, ọ̀rinrin á bo lẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rinrin ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kù, nọ́ńbà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn aago 10 alẹ́, ìrì á tún dé; ẹ máa fọwọ́ kan etí lẹ́ǹsì ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé, ẹ má kan àárín rẹ̀.

Pa gbogbo iná, kí ojú yín sinmi. Gbé ẹ̀rọ ga ju orí yín lọ, kọjú rẹ̀ sí òkè gangan, tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú ìlú, nọ́ńbà á jáde lójú ẹsẹ̀. Níbi tó ṣókùnkùn, á máa dún "pí, pí" bó ṣe ń ka, ó sì lè gbà tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má mì í, ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó parí. Ẹni tó bá rẹ̀ lọ́wọ́ tó tẹ̀ ẹ́ síhà ìlà ojú ọ̀run ti ka nǹkan mìíràn.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ sọ ti àkọ́kọ́ nù, torí pé ẹ̀rọ kò tíì balẹ̀. Láàárín àwọn mẹ́rin tó kù, ẹ máa yí ara yín ní ìdá mẹ́rin òbírípo: àríwá, ìlà oòrùn, gúúsù, ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ̀rọ sì máa wo òkè síbẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà láàárín 0.1 síra, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin, ó parí. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gílóòbù kan ń bá yín jà láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá a, kí ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má ṣe rò ó mọ́ àwọn yòókù. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè fi nǹkan bíi 0.1 yàtọ̀ sí òmíràn. Abúlé méjì tí ó fi 0.05 yàtọ̀ síra, bákan náà ni wọ́n rí.

Ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ọjọ́ àti aago, GPS, nọ́ńbà márààrún (títí kan èyí tí ẹ sọ nù), ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ sọ, ìdá mélòó nínú mẹ́rin ojú ọ̀run ni ìkùukùu bò, bóyá ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun hàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, àti ipò iná. Lórí ipò iná, ẹ yan ọ̀kan: NEPA wà; NEPA kò sí, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́; kò sí ìkankan. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, oríire yín ni. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kí àwọn tó máa tan jẹnẹrétọ̀ ti tàn án, kí ẹ wá tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni ìmọ́lẹ̀ tí iná NEPA ìlú yẹn ń mú wá. Ohun tó ṣẹ́ kù, jẹnẹrétọ̀, iná sólà àti ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí iná kì í lọ, wọ́n ń wá irú alẹ́ yìí tì.

Wíwo ẹ̀gbẹ́

Òkè orí kò sọ gbogbo rẹ̀. Létí òkun, òkè lè ṣú dùdù, kí ẹ̀gbẹ́ kan sì máa pọ́n fòò. Ẹ lo SQM-L, ẹ kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ, ní gíga díígírì 45 àti díígírì 30. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn lọ, igi àti kùrukùru á dá sí i. Ẹ jìnnà sí irin èbúté kí ẹ tó gba kọ́ńpáàsì fóònù gbọ́.

Láti Ìwópin, Ìjẹ̀bú-Òde wà níhà àríwá-ìwọ̀ oòrùn, Ẹ̀pẹ́ sì wà níhà ìwọ̀ oòrùn. Ní gúúsù Ẹ̀pẹ́ ni Ìbẹjú-Lekki, níbi tí ilé ìfọpo Dangote àti èbúté tuntun wà. Níhà ìlà oòrùn, iná gáàsì láti àwọn kànga epo ojú òkun Ondo àti Delta lè fi ara hàn. Ó ń mì, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ọsàn. Gúúsù, níhà òkun, ló yẹ kó ṣókùnkùn jù, àyàfi bí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá dákọ̀ró níbẹ̀.

Ìṣọ́ra kan: láti February sí April, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ funfun kan máa ń dúró ṣánṣán níhà ìwọ̀ oòrùn, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì tín-ín-rín lókè. Ọ̀pọ̀ á ní Èkó ni. Kì í ṣe Èkó. Eruku tó wà láàárín àwọn ayé tó ń yí oòrùn po ni oòrùn ń tàn sí, ibi tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé bíi tiwa sì ni ó ti ń hàn jù. Ọ̀nà tí òṣùpá àti Àgùàlà ń tọ̀ ló dúró lé, á sì máa rì lọ bí alẹ́ bá ṣe ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ ìlú fẹ̀ gbẹrẹ nísàlẹ̀, kì í sì í rì. Nítorí èyí, ẹ tún wọn ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn aago 10.

Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ yìí ni àwọn tó ń ṣọ́ ìjàpá òkun nílò jù. Ọmọ ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní yanrìn máa ń rìn lọ síbi tó bá mọ́lẹ̀ jù nísàlẹ̀ ojú ọ̀run. Lálẹ́ tí kò sí gílóòbù, òkun ni.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ

Láti December sí March, ẹ ka ìràwọ̀ inú Óríónì. Ìràwọ̀ mẹ́rin ló dúró bí igun àpótí, mẹ́ta tò léra ní àárín. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 nínú òkùnkùn, kí ẹ ka gbogbo ìràwọ̀ tó wà nínú àpótí náà. Ẹ má ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ẹ ka mẹ́ta àárín. Ní England, CPRE, àjọ tó ń dáàbò bo ìgbèríko, ń lo ọ̀nà yìí: ìràwọ̀ tí kò tó 10 túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù tó le, tó bá ju 30 lọ, òkùnkùn gidi ni. Àǹfààní tiwa ni pé Óríónì ń gba òkè orí wa kọjá níhìn-ín, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ́dọ̀ tiwọn. Kí ènìyàn mẹ́ta kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má gbọ́ ti ara wọn. Ẹ mú ti àárín. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó fi sí i.

Àwòrán ìràwọ̀ tí Globe at Night, ètò tó ń gba àkọsílẹ̀ òkùnkùn ojú ọ̀run lọ́wọ́ ará ìlú kárí ayé, fi síta náà wúlò, wọ́n sì ń gba nọ́ńbà SQM pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, ẹ wo bóyá aago ilé ni wọ́n ń bèèrè tàbí UTC (aago àgbáyé). Tiwa fi wákàtí kan ṣáájú UTC.

Fífi wé ti sátẹ́láìtì

Máàpù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi VIIRS, ẹ̀rọ ayàwòrán kan tó wà lórí sátẹ́láìtì, ṣe, dára fún yíyan ibi. Àmọ́ nǹkan bí aago 1:30 òru ni sátẹ́láìtì náà ń kọjá, nígbà tí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti sùn. Kò tún rí apá búlúù ìmọ́lẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú gílóòbù LED funfun. Ìlú tó bá fi LED rọ́pò gílóòbù pupa àtijọ́ lè dà bíi pé ó ti ṣókùnkùn lórí máàpù, kí SQM yín sì máa sọ òdì kejì. SQM ni kí ẹ gbà.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ojú ibi kan náà ni kí ẹ dúró, oṣù kan náà, aago kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Kí ẹ tó tọ́jú ẹ̀rọ náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu lẹ́ǹsì rẹ̀, ẹ sì yọ bátìrì: afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun máa ń jẹ irin ibi tí bátìrì ń wọ̀ kó tó di pé ẹ mọ̀.